Ábídí Tí Mo Kọ́ Títí

Ọjọ́ kẹta tí Títí dé ilé wa ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe padà sí Arímògíjà. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, èmi sì ti lé díẹ̀ ní mẹ́jọ. Inú oko ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ sì jìnnà sí wọn, ni wọ́n bá ní kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀wọ̀ kí ó lè bẹ̀rẹ̀ ìwé. Lórí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e dé, ó jókòó sáàárín awakọ̀ àti bàbá rẹ̀, ó di adìyẹ kan mọ́ àyà bí ẹni pé òun àti adìyẹ náà ni wọ́n jọ fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, èmi ni mo kéré jù nínú ilé wa. Èmi ni mo ń sùn ti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, lórí bẹ́ẹ̀dì onírin rẹ̀ tó máa ń ké bí a bá yí padà. Èmi ni wọ́n ń fún ní orí ẹja. Bí wọ́n bá gúnyán tán, èmi ni mo ń ha ara odó. Ọjọ́ tí Títí dé, Ìyá Àgbà ní kí n lọ tẹ́ ẹní mi sí yàrá ìyá mi. “Ìwọ ti dàgbà,” ó ní. Mi ò mọ ìgbà tí mo dàgbà. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò tíì dàgbà.

Ilé wa kì í dákẹ́. Bí mo bá di ojú mi báyìí, etí mi ló kọ́kọ́ ń padà síbẹ̀. Ìgbálẹ̀ ìyá mi ló máa ń ṣáájú, a máa gbá àgbàlá bí ẹni tí ilẹ̀ ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Kékeré, ẹ̀gbọ́n bàbá Títí, yóò jáde síta tí yóò máa ha ọ̀fun, tòun ti táwẹ́lì ní ìdí, kí ó tó lọ wẹ̀ kí ó lè tètè dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní káńsù. Tí ó bá fi máa wẹ̀ tán, Bàbá Télọ̀ ti kírun tán, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tó gbà lọ́wọ́ wa níwájú ilé, máṣìnnì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Máṣìnnì yẹn ni aago wa. Bí ó bá dákẹ́ lọ́sàn-án, a mọ̀ pé oúnjẹ rẹ̀ dé, tàbí pé ìjà kan ń lọ nínú ilé tó ń gbọ́. Bàbá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé ní tiẹ̀, iṣẹ́ pákó ló ń gbé e kiri. Ìyá Àgbà ló ń pàṣẹ, orí àpótí ìdáná ló sì ti ń pa á.

Orí àpótí yẹn náà ló ti rán ìyá mi sí mi pé èmi ni n óò kọ́ Títí ní ábídí. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń lọ ni wọ́n fẹ́ mú un lọ ní sáà tó ń bọ̀, Màdáámù tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ kì í sì í gba ọmọ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ gba orí kan etí nìkan. Ará Àkókó ni Màdáámù, obìnrin tó gún régé, tó ń wọ bàtà tó ń dún kó-kó-kó. Yóò máa yọ káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò sì máa sọ lẹ́tà tó wà lára rẹ̀. “Bí kò bá mọ̀ ọ́n,” ìyá mi ní, “ó di pé kí ó padà sí oko, kí ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, mú ojú lé e.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kò wọ̀ mí létí. Pípadà sí oko ló wọ̀ mí létí.

Wọ́n fún mi ní ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan. A gún èédú pọ̀ mọ́ ewé ọ̀dùnkún, a fi kùn ún títí ó fi dúdú. Bàbá Télọ̀ fún wa ní àjákù ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ilà sára aṣọ, pupa rẹ́súrẹ́sú kan àti búlúù kan. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná ni kíláàsì wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò jókòó síbi kan láti gbèrò rẹ̀. Mo kọ A, mo ní A nìyẹn. Títí wò ó, ó ní ó jọ àkàbà tí wọ́n fi ń gun igi kòkó. Mo ní ó dára, àkàbà ni. Mo kọ B. “Àǹtí Dúpẹ́, èyí ńkọ́?” Bí mo ṣe gbójú sókè, Bàbá Kékeré ló dúró ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ sí wa, àyà rẹ̀ yọ díẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ jù ú lọ. Mo wo Bàbá Kékeré, mo wo pátákó. “Bàbá Kékeré ni,” mo wí. Títí wò ó títí, ó mi orí. Ó rí i bẹ́ẹ̀. Kò tún gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ìgbà yẹn ni nǹkan náà wọ̀ mí lára. D di Bàbá Kékeré tó ti yó. I di ọmọ odó. J di ìwọ̀ ẹja. M di orúnkún Bàbá Télọ̀ nídìí máṣìnnì. S di ejò, Ṣ sì di ejò tó yé ẹyin. K ni mo fẹ́ràn jù: igi kan dúró gbọn-in, apá kan gòkè, ẹsẹ̀ kan nà síwájú. Ìyá mi nìyẹn, nígbà tó bá fẹ́ na ènìyàn. O di ẹnu Ìyá Àgbà tó ń yán. Nígbà tí mo dé orí Ọ, mo ronú díẹ̀, mo wá ní ẹnu Ìyá Àgbà ni síbẹ̀síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sùn lọ, itọ́ ló ń kán yẹn. Títí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lónìí tí mo bá rí àwọn olùkọ́ tó ń pariwo mọ́ ọmọ kékeré nítorí pé kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín O àti Ọ, mo máa ń dákẹ́. Títí mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ óò béèrè pé ṣé àwọn àgbà kò gbọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ dùn mọ́ wọn. Mo ti kọ́ Títí ní orin ábídí, èyí tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kọ: a, bí, dí, e, ẹ, fí, gí, gbì, títí dé yí. Bí mo bá ti gbúròó ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, n óò ju ojú sí Títí, yóò sì gbé e bí ẹyẹ. Orin ni lójú tirẹ̀, kò mọ̀ pé ó kan àwọn tó wà lára pátákó. Ìyá mi á dúró pẹ̀lú abọ́ ẹ̀gúsí lọ́wọ́, á ní, “Dúpẹ́, o ṣeun, o gbìyànjú.” Nítorí iṣẹ́ olùkọ́ yìí, wọ́n yọ mí kúrò nínú abọ́ fífọ̀. Mo ń sun àgbàdo jẹ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, mo ń ka iye ọjọ́ tó kù.

Ìkòkò omi Ìyá Àgbà ló bà á jẹ́ fún mi. Ìkòkò amọ̀ ńlá kan ni, ó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, omi inú rẹ̀ tutù ju ti fíríìjì àwọn aládùúgbò wa lọ. Ó ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ife onírin bu omi níbẹ̀. Ife onírin ni mo fi bu ú. Ife kan ẹnu rẹ̀, ìlà kan sì rìn wálẹ̀ lára ìkòkò náà bí ẹni pé kò kánjú, omi bá dà sí gbogbo ilẹ̀. Mo sá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà nígbà tí Ìyá Àgbà wọlé, ó bá Títí níbẹ̀, tó mú àkísà, tó fẹ́ máa nu odò. “Ta ló fọ́ ọ?” Títí wo ilẹ̀kùn tí mo sá sí. Ó rí ẹsẹ̀ mi. “Èmi ni, mà,” ó wí. Wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀, kí ó na ọwọ́ sókè. Nígbà tí mo lọ bá a, mo bi í léèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó ní, “Bí wọ́n bá lé ẹ kúrò nílé yìí, ta ló máa kọ́ mi?”

Inú mi kò dùn mọ́ láti ìgbà náà. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí a lọ bá Màdáámù. Mo gbé pátákó jáde, mo kọ K, mo ní, “Títí, gbọ́, kí ni èyí ń jẹ́.” Ó ní rárá, Ìyá Dúpẹ́ tó ń na ènìyàn ni. Mo ní mo ń ṣeré tẹ́lẹ̀ ni, kí lorúkọ rẹ̀. Ó ní, “Kí lorúkọ rẹ̀? Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi.” Mo ní, “Kí! Kí ni!” Ó ní, “Mo ti sọ ọ́. Ìyá Dúpẹ́ ni.” A wà lórí ìyẹn títí àgbàdo fi jóná. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́kún, ó ní ṣe ni mo fẹ́ da òun láàmú kí òun má bàa wọlé. Èmi tí mo ti ń tan ọmọ náà jẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ tí mo sọ òótọ́ ló pè mí ní òpùrọ́.

Ọjọ́ náà pé. Ìyá Àgbà wé gèlè, Bàbá Kékeré gba àyè níbi iṣẹ́, wọ́n sì ní kí n tẹ̀ lé wọn nítorí pé èmi ni olùkọ́. Nínú ọ́fíìsì Màdáámù, Ìyá Àgbà jókòó sórí bẹ́ńṣì, Bàbá Kékeré dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ Títí gba orí, ó kan etí. Màdáámù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yọ káàdì àkọ́kọ́.

“Kí nìyí, ọmọ mi?”

“Àkàbà, mà.”

“A fún àkàbà. Ó dára.” Ó yọ òmíràn. “Èyí ńkọ́?”

“Bàbá Kékeré, mà.”

“B fún Bàbá. Ọmọ yìí gbọ́n.” Bàbá Kékeré gbé orí sókè. Màdáámù yọ D.

“Bàbá Kékeré tó ti yó, mà.”

Mo wo ilẹ̀. Bàbá Kékeré ha ọ̀fun. Màdáámù wò ó, ojú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ikùn rẹ̀ láìmọ̀, ó tún yára gbé e kúrò. Ó fo káàdì mélòó kan, bóyá ó rò pé ibẹ̀ ló ní wàhálà. O ló yọ.

“Ẹnu Ìyá Àgbà tó ń yán, mà.”

Ó yọ Ọ.

“Ẹnu Ìyá Àgbà náà ni, mà, ṣùgbọ́n ó ti sùn. Itọ́ rẹ̀ ló ń kán.”

Gèlè Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Màdáámù kó káàdì rẹ̀ jọ, ó tò wọ́n dọ́gba, ó gbé wọn kalẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá,” ó wí, “ọmọ náà kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ó padà sílé, kí ó wá lọ́dún tó ń bọ̀.” Títí mọ ilé tí wọ́n ń sọ. Kò sunkún. Ó kàn yí ojú sí mi, ó ń dúró kí n tún un ṣe, bí mo ṣe máa ń tún ṣọ́ọ̀kì mú fún un lọ́wọ́ nígbà tó bá mú un lódì.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Èmi ni mo fún wọn lórúkọ burúkú.”

“Orúkọ burúkú báwo?”

“Ẹ da káàdì yín rú, mà, kí ẹ tún fi hàn án.”

Màdáámù wò mí bí ẹni tó rí kòkòrò nínú ẹ̀wà. Ó da káàdì rú. Ó yọ Ọ, itọ́ ń kán. Ó yọ J, ìwọ̀ ẹja. Ó yọ M, orúnkún Bàbá Télọ̀. Ó tún yọ Ọ láìròtẹ́lẹ̀, itọ́ kò tíì dá. Ó yọ gbogbo wọn tán, kò sí èyí tó ṣì. Ó wá fún Títí ní ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí ó lọ sídìí pátákó. “Kọ ejò tó yé ẹyin fún mi.” Títí kọ Ṣ, ó fi ẹyin sábẹ́ rẹ̀ dáadáa. “Kọ Ìyá Dúpẹ́ tó ń na ènìyàn.” Títí kọ K. Màdáámù gbé rẹ́jísítà bojú. A kò rí ojú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń fò. Nígbà tó máa fi gbé rẹ́jísítà kúrò, ó ti nu ojú, ó sì ti tún le. “Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀,” ó wí fún Ìyá Àgbà, “ọmọ yín mọ gbogbo wọn, ó sì lè kọ wọ́n. Orúkọ wọn gan-an ni ẹnì kan fi pamọ́ fún un. Mo gbà á.” Ó yí sí mi. “Ìwọ, láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kí aago tó lù, kí ìwọ àti òun máa wá síbí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí kò bá tíì mọ orúkọ tí a sọ wọ́n, ìwọ ni mo máa dá padà sí kíláàsì kìíní.”

A gba ọ̀nà ilé. Bàbá Kékeré ló ṣáájú, ó fa ikùn sínú, ó ń rìn bí sójà. Nígbà tí a dé ìyànà ilé wa ló tó tú u sílẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Òun ló ròyìn fún ìyá mi, kò sì gbàgbé K. Ìyá mi ju aṣọ tó ń sá sílẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fẹ́ gbá mi mú. “Àǹtí Dúpẹ́!” Títí kígbe, ó ń nàka sí i, “Òun nìyẹn! Òun gan-an nìyẹn!” Ìyá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ lókè. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Máṣìnnì Bàbá Télọ̀ dákẹ́ lójijì, ẹ̀rín sì bú jáde láti ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Kékeré náà di ògiri mú. Ìyá mi gbìyànjú kí ó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ̀rín yẹn gbà mí sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín tán, ó nà mí.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà ní kí n gbé pátákó náà wá síwájú àpótí rẹ̀. “Fi èmi hàn mí.” Mo kọ O. Ó wò ó, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká. “Fi èkejì hàn mí.” Mo kọ Ọ. Ó fi ìka kan àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. “Ta ló sọ fún ọ pé itọ́ ń kán lẹ́nu mi?”

“Èmi ni mo ń sùn tì yín tẹ́lẹ̀, mà.”

“Tẹ́lẹ̀,” ó wí. Ó wò mí, ó tún wo Títí tó ti sùn lọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ orúkọ ìlú wa. Mo kọ Ọ̀wọ̀, mo kà á fún un. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. “Ọ̀ghọ̀ ni mo wí.” Bí àwọn àgbà ilé wa ṣe ń pè é nìyẹn, láti inú ọ̀fun wá. Mo ní lẹ́tà tó ń dún láàárín rẹ̀ yẹn kò sí nínú ábídí. Ó ní kí n tún wá a. Mo wá a láti àkàbà dé ìparí, kò sí. Ó mi orí. “Ẹni tó tò wọ́n kò dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ó bá dé ni, ìwọ ì bá fi ọ̀fun mi náà kún un.” Kí n tó lọ kó ẹní mi, ó ní bẹ́ẹ̀dì òun gba ẹni mẹ́ta, bí ẹnì kan kò bá ní máa ta ẹsẹ̀. Mo ta ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kò sì tún lé mi mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí Títí fi mọ orúkọ gbogbo wọn. Kò sí nǹkan tó tún ní kí ó dúró mọ́. Ó kọ orúkọ sára ògiri, sára garawa, sí ẹ̀yìn ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan tó funfun. Ìgbà náà ni ẹran méjì sọnù nínú ìkòkò ọbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ìyá mi bi gbogbo wa léèrè. Mo ní mo rí ológbò kan tó ń fi ahọ́n lá ẹnu. Wọ́n bú ológbò náà dáadáa, ọ̀rọ̀ sì tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà bá ìkọ̀wé lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ṣọ́ọ̀kì pupa, gàdàgbà gadagba, J kọjú sẹ́yìn. Ìyá mi ti lọ sọ́jà, Bàbá Kékeré ti lọ síbi iṣẹ́. Ó pè mí. “Dúpẹ́, kí ni wọ́n kọ síbí?”

Títí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn, ó ń wo ẹnu mi. Mo lè sọ pé “Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà” ni wọ́n kọ. Ìyá Àgbà kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti wà nínú ilé náà báyìí tó máa mọ̀, èmi náà ni mo sì kọ́ ọ.

“Dúpẹ́ jẹ ẹran,” mo wí.

“Tún un kà.”

“Dúpẹ́ jẹ ẹran, mà.”

Ó yí sí Títí. “Bẹ́ẹ̀ lo kọ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀?”

“Kò sí, mà.”

Ìyá Àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́. Ó wà lára ilẹ̀kùn náà títí ọdún fi parí, gbogbo àlejò tó mọ̀wé ló sì ń bi mí bóyá ẹran náà dùn.